Ẹsẹ̀ Ọmọ Èkìtì ní Ìgboro Lọ́ńdọ̀nù Nígbà Ọ̀gìnnìtìn

Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Ẹni tí ó wọ ọkọ̀ òfuurufú ní Ìkẹjà, tí ó sọ̀kalẹ̀ ní Heathrow, tí ọmọ rẹ̀ fi mọ́tò gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí ó sì jókòó ti ẹ̀rọ tí ń mú ilé móoru títí ọjọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀ fi pé, kò tíì rìn jìnnà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti fò kọjá 3,000 máìlì. Bẹ́ẹ̀ irú àjò yìí ni ó wọ́pọ̀ jù láàrin àwa òbí tí àwọn ọmọ wa ń ránṣẹ́ pè sí Ìlú Ọba nígbà Kérésìmesì, pé kí a wá fojú kan àwọn ọmọ-ọmọ, kí a sì wá sinmi. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ní gúúsù Èkìtì, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, láti Ẹmùré dé Àgbàdo, agbo-ilé tí kò ní ẹnì kan lókè òkun kò pọ̀ mọ́. Síbẹ̀, bí àwọn tí ó lọ bá dé, tí a bi wọ́n léèrè ohun tí ojú wọn rí, òtútù ni wọn í kọ́kọ́ sọ, òtútù náà ni wọn í sì fi kádìí ọ̀rọ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé òtútù wà. Ohun tí mo ní í sọ ni pé Lọ́ńdọ̀nù, bí ó ti tóbi tó nì, ìlú ẹlẹ́sẹ̀ ni, àti pé ọmọ Èkìtì tí ó bá fi àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ yóò bá ipasẹ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ pàdé níbẹ̀, èyí tí fèrèsé mọ́tò kò lè fi hàn án láéláé.

Ohun tí ń tan àlejò jẹ ní ìlú náà ni ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ náà dára, ó yá, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé kì í ṣe iṣẹ́ ọgbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọlẹ̀ ní ibì kan tí ó yọ síta ní ibòmíràn, bí òkété oníhò méjì, kò lè sọ bí ibi méjèèjì ti súnmọ́ ara wọn tó. Àwòrán ọ̀nà rẹ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri gbogbo ibùdókọ̀, èyí tí Harry Beck yà, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1933, kò tilẹ̀ wà fún ìwọ̀n jíjìn rárá: ọ̀nà tí ó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni ó nà gbọọrọ, ibi tí ó há ni ó sọ di fífẹ̀, kí ojú èrò lè tètè rí ibi tí yóò ti pààrọ̀ ọkọ̀. Báyìí ni àlejò ṣe ń san owó ọkọ̀ láti Leicester Square dé Covent Garden, tí ó ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀, tí ó ń dúró de ọkọ̀, tí ó sì ń tún gòkè bọ̀, nígbà tí àárín ibùdókọ̀ méjèèjì kò ju nǹkan bí 260 mítà lọ, ìrìn tí arúgbó tí ń fi ọ̀pá tilẹ̀ lè parí kí ẹni tí ó wọ ọkọ̀ tó rí ìta. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní Lọ́ńdọ̀nù, abẹ́ ilẹ̀ ni àìríran náà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kí a tó jáde nílé, ó yẹ kí a sọ ti oòrùn, nítorí òun ni ó ń pàṣẹ fún ẹlẹ́sẹ̀ ní àkókò ọ̀gìnnìtìn ju òtútù lọ. Ayé tí a wà lórí rẹ̀ dà sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ó ti ń yí oòrùn po, nígbà tí ó bá sì di Oṣù Kejìlá, ìhà àríwá tí Lọ́ńdọ̀nù wà ni ó máa ń dà kúrò lọ́dọ̀ oòrùn. Nítorí náà, ní ọ̀sán gangan tí oòrùn Ìkẹ́rẹ́ ti gòkè réré lórí òkè Olósùnta tí ó ń ta ni lágbárí, ti Lọ́ńdọ̀nù ṣì ń rá pálá lẹ́bàá òrùlé àwọn ilé, kò sì ní ga ju nǹkan bí ìwọ̀n 15 lọ nínú 90 tí ó wà láti ẹsẹ̀ ọ̀run dé àtàrí. Aago mẹ́jọ òwúrọ̀ a ti lù kí ojúmọ́ tó mọ́. Kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù, oòrùn a ti wọ̀. Ojúmọmọ kò tó wákàtí mẹ́jọ, nígbà tí ti àwa nílé ṣì súnmọ́ méjìlá. Ìdílé tí ó bá jí pẹ́, tí ó jẹun pẹ́, tí wọ́n sì ń wá ẹsẹ̀ ìbọ̀sẹ̀ kan tí ó sọnù títí di ọ̀sán, ojú ọ̀nà ni ilẹ̀ yóò ṣú wọn sí.

Ní ti yìnyín tí àwọn ọmọdé ń fọkàn sí, kí wọ́n má retí rẹ̀ jù. Òjò wẹliwẹli àti kùrukùru ni Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ nígbà Kérésìmesì ju yìnyín lọ, òtútù ibẹ̀ sì máa ń wà láàrin ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ́pọ̀ ọjọ́. Ẹni tí ó ti jí lọ sóko rí ní ìdájí ọyẹ́ mọ ọgbọ́n tí a fi ń bá a jà, pé ara tí ń rìn kì í gan. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta tí a wọ̀ lé ara wọn sàn ju kóòtù ńlá kan ṣoṣo lọ, nítorí atẹ́gùn tí ó há sí àárín wọn ni ó ń dá ooru ara dúró. Bàtà tí omi kò lè wọ̀ sàn ju bàtà tí ó lẹ́wà lọ. Ní ti orí, èmi kò tíì rí ohun tí òyìnbó rán tí ó ju fìlà abetí-ajá lọ, bí a bá ti fa etí rẹ̀ méjèèjì wálẹ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ mi tí wọ́n kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín nítorí rẹ̀ ni wọ́n ń bẹ̀ mí pé kí n yá wọn nígbà tí atẹ́gùn odò fẹ́ lù wá.

Ẹ̀rù àtiṣìnà kò sì yẹ kí ó dá ẹnikẹ́ni dúró. Láti nǹkan bí 2007 ni wọ́n ti ń ri àwọn pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ẹ̀bá títì, Legible London ni wọ́n ń pè é, tí àwòrán àdúgbò wà lára wọn. Wọn kò fi àríwá sókè bí àwòrán ilé ìwé. Ohun tí ó wà níwájú ẹni tí ó ń wò ó ni ó wà lókè àwòrán, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ ìlà oòrùn yàtọ̀ sí ìwọ̀ rẹ̀ yóò lè kà á, wọ́n sì fa òbìrí yí ibi tí ènìyàn dúró sí ká láti fi ibi tí ẹsẹ̀ lè dé ní ìṣẹ́jú 5 àti ìṣẹ́jú 15 hàn. Ohun tí ó yẹ kí a bẹ̀rù ni títì fúnra rẹ̀. Láti 2 Oṣù Kẹrin 1972 tí Nàìjíríà ti yí ọkọ̀ wíwà padà sí apá ọ̀tún, ojú wa ti kọ́ láti máa kọ́kọ́ wo òsì kí a tó sọdá. Apá òsì ni àwọn ṣì ń wà ní tiwọn, ọ̀tún sì ni ewu ti ń bọ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ sójú títì fún àǹfààní àlejò, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń wo òkè ilé alájà kì í ka ohun tí ó wà nílẹ̀. Níbẹ̀, ọmọdé ni kí ó di àgbà lọ́wọ́ mú.

Ọjọ́ tí ó dára jù fún ìrìn nínú gbogbo ọdún ni ọjọ́ Kérésìmesì gan-an, nítorí pé ní ọjọ́ náà ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ kì í ṣiṣẹ́, bọ́ọ̀sì pupa kì í ṣiṣẹ́, ìlú tí èrò inú rẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 9 a sì dákẹ́ rọ́rọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀. Ní Peckham, níbi tí ọmọ mi obìnrin ń gbé, Rye Lane tí èdè Yorùbá máa ń ròkè lala nínú rẹ̀, tí ẹ̀gúsí, iṣu, ẹja gbígbẹ àti ìgbín máa ń kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, wà ní títì pa. Ìlù ìjọ ni ó ṣáájú wa dé Old Kent Road. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton ṣe, tí wọ́n gbé jáde ní 2013, ka ìjọ àwọn ènìyàn dúdú tó 240 ní agbègbè Southwark nìkan, tí Peckham àti Old Kent Road jẹ́ apá kan rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì wà nínú ilé tí a kọ́ fún ìtajà tàbí fún ìkẹ́rùsí, tí ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ kò ní mọ̀ pé ilé Ọlọ́run ni àfi bí ó bá dúró gbọ́ orin. Àwa dúró gbọ́. Ẹnì kan tí ó wọ aṣọ funfun, tí kò wọ bàtà nínú òtútù yẹn, kí wa ní ẹnu ọ̀nà wọn pẹ̀lú “ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún”, a sì kí i padà, àwọn ọmọ sì ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láti ibẹ̀ ni a gba Borough dé London Bridge. Afárá tí ó wà níbẹ̀ báyìí, 1973 ni wọ́n ṣí i, kò sì ní ẹwà kan tí a lè fi yangàn. Ṣùgbọ́n láti orí rẹ̀ ni a ti ń rí Tower Bridge tí wọ́n parí ní 1894, tí odò Thames sì ń wọ́ lọ lábẹ́ rẹ̀ ní àwọ̀ amọ̀. Àárín ìlú àtijọ́ tí ó wà ní òdìkejì odò, ibi tí àwọn báǹkì wà, ṣófo débi pé ìró bàtà tiwa ni a ń gbọ́. Kàtídírà St Paul's, tí Christopher Wren kọ́ láàrin 1675 sí 1710 lẹ́yìn tí iná ńlá 1666 ti jẹ ti àtijọ́ run, dúró sójú ọ̀nà wa bí a ti ń lọ sí ìhà Fleet Street. Ẹ̀yìn Fleet Street yìí ni gbàgede kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Salisbury Square wà. Àlejò kì í dé ibẹ̀, kò sì sí ohun tí ó lè fa ojú mọ́ra nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ ajíhìnrere C.M.S. fi ṣe olú ilé iṣẹ́ wọn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ibẹ̀ ni lẹ́tà Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí a kó lẹ́rú ní 1821, máa ń gúnlẹ̀ sí. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó kọ ní 1843, ọdún kan náà tí ó di àlùfáà, ní 1864 ni wọ́n sì fi í jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tí ó kọ́ wa bí a ti ń fi ìwé kíkọ sọ̀rọ̀ ní èdè wa ti kọjá ní òpópónà yìí. Èyí àbúrò nínú wọn béèrè bóyá òun náà wọ fìlà abetí-ajá. Ọkọ ọmọ mi fi mọ́tò wá pàdé wa níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ ti ṣú.

Nígbà tí bọ́ọ̀sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ni a gbéra lẹ́ẹ̀kejì, a sì sọ̀kalẹ̀ ní Elephant and Castle láti fi ẹsẹ̀ rin ìyókù. Ère erin kan tí ó gbé ilé olódi sẹ́yìn wà ní àdúgbò náà. Ìtàn àtẹnudẹ́nu Ìkẹ́rẹ́ sì sọ pé ọdẹ erin ni Ògògà àkọ́kọ́ tí ó jọba ní Ìkẹ́rẹ́, ọmọ ọba tí ó tọ ipasẹ̀ ẹran wá láti ìhà Ìbíní. Nítorí náà ni mo ṣe sọ fún àwọn ọmọ pé èyí tí ó bọ́ mọ́ bàbá wa lọ́wọ́ ni ó sá wá síbí. Kò sí ẹni tí ó gbà mí gbọ́.

A sọdá Westminster Bridge, a kọjá ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, a sì yà sí Whitehall. Ní ẹnu géètì Downing Street ni àwọn èrò ti máa ń pé jọ láti ya fọ́tò, nítorí ilé olórí ìjọba tí ó wà nínú. Ohun tí èmi dúró wò níbẹ̀ kì í ṣe ilé olórí ìjọba. Ní òpópónà kúkúrú yìí kan náà ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tí wọ́n ń pè ní Privy Council ti ń jókòó kí wọ́n tó kó lọ sí Parliament Square ní 2009, ìgbìmọ̀ yìí ni ó sì dá ẹjọ́ Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti ìlú Èkó, ní 1921. Ìjọba ti gba ilẹ̀ Àpápá lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1913, wọ́n ní kì í ṣe òun ni ó ni ín, nítorí náà owó kékeré ni ó tọ́ sí i. Ó gbéra ní 1920, òun àti Herbert Macaulay, wọ́n la òkun já wá sí ìlú òtútù yìí, ìgbìmọ̀ náà sì gbà fún un pé ìdílé àti ìlú ni wọ́n jọ ni ilẹ̀ nílẹ̀ wa, àti pé bí ìjọba bá gbà á, iye tí ó tó fún onílẹ̀ gidi ni kí ó san. Gbogbo ẹni tí ó ń gba owó gbà-má-bínú ilẹ̀ ní Nàìjíríà ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, Olóyè Olúwa ni ó ṣán ọ̀nà náà fún wọn. Jẹ́jẹ́ ni ọmọ onílẹ̀ ń tẹ ilẹ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ní ọjọ́ ìdájọ́ yẹn, bàtà Olúwa dún lórí òkúta Downing Street.

Trafalgar Square kò gbà wá lákòókò púpọ̀. Igi Kérésìmesì ńlá tí ó wà níbẹ̀, àwọn ará Norway ni wọ́n ń fi í ránṣẹ́ lọ́dọọdún láti 1947 láti fi dúpẹ́ oore tí Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún wọn nígbà ogun Hitler. Ilé aṣojú Nàìjíríà sì wà nítòsí ní Northumberland Avenue, ibi tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ nítorí pásípọ́ọ̀tù. Láti 2010 sí 2012 ni ọkọ̀ ojú omi inú ìgò tí Yinka Shonibare ṣe, tí ìgbòkun rẹ̀ 37 jẹ́ aṣọ àǹkárá, fi wà lórí pèpéle kan níbẹ̀. Greenwich ni ó wà báyìí, ẹni tí ó bá ní ọjọ́ lọ́wọ́ lè tọ̀ ọ́ lọ.

Láti ibẹ̀ dé British Museum kò ju ìrìn nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé yìí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1753, kì í gba owó ìwọlé, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń tì í ní 24 sí 26 Oṣù Kejìlá. Iyàrá 25 ni ti Áfíríkà, ní ìsàlẹ̀ ilé, níbẹ̀ sì ni ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ wà. Ọlọ́wẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ni wọ́n ti bí i ní nǹkan bí 1873, Ìsẹ̀ ni ó ti dàgbà tí ó ti ń sin Arínjalẹ̀, ọba ìlú náà, orúkọ Ìsẹ̀ ni ayé sì mọ̀ mọ́ ọn títí di òní. Láàrin nǹkan bí 1910 sí 1914 ni ó ṣiṣẹ́ ní ààfin Ògògà, nígbà tí Ọba Oníjàgbó Ọbasọrọ̀ Alówólódù wà lórí ìtẹ́ àwọn bàbá rẹ̀. Ilẹ̀kùn aláwẹ́ méjì ni, ó ga ju ọkùnrin gíga lọ. Ní awẹ́ kan ni Ògògà jókòó sí pẹ̀lú adé lórí, tí olorì rẹ̀ dúró gbọnin lẹ́yìn rẹ̀. Ní èkejì ni òyìnbó àjẹ́lẹ̀ ń bọ̀, Captain Ambrose, ẹni tí ó wá kí Ògògà ní nǹkan bí ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, inú àga tí àwọn aláàárù gbé ni ó wà, tí orúnkún rẹ̀ ká sókè, tí àwọn tí ó ru ẹrù rẹ̀ sì tò lọ.

Mo ti rí fọ́tò ilẹ̀kùn náà tipẹ́tipẹ́, fọ́tò kò sì sọ ìdajì. Ọlọ́wẹ̀ kò fi ère lẹ̀ mọ́ pákó. Ó fà wọ́n yọ síta, tí èjìká àti orí wọn fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ láti wo ẹni tí ó ń wò wọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn ní láti rìn láti ọ̀tún sí òsì kí ó tó lè rí ojú gbogbo wọn. Bí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀ níwájú rẹ̀ ni mo rí ọgbọ́n tí àgbẹ́gilére náà dá. Àlejò tí ó dé pẹ̀lú agbára ìbọn àti ìwé àṣẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ Ìkẹ́rẹ́ nínú iṣẹ́ yìí. Ènìyàn ni ó gbé e, ó rí kékeré, ó ká jọ, ojú rẹ̀ sì wà ní ọ̀nà ibi tí ọba ti jókòó ní tirẹ̀ láìmira. Ọlọ́wẹ̀ kò bú ẹnikẹ́ni, ó kàn fi ẹni tí ó ni ilé hàn ni.

Bí ilẹ̀kùn náà ti dé Lọ́ńdọ̀nù yàtọ̀ sí ti àwọn idẹ Ìbíní tí ó wà nínú iyàrá kan náà, tí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní 1897 nígbà tí wọ́n ṣígun bá ìlú náà. Ní 1924 ni wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà wá sí àfihàn ńlá tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley. Àwọn British Museum rí i, ojú wọn kò kúrò lára rẹ̀, wọ́n ní àwọn yóò rà á. Ògògà kọ̀, kò tà á. Níkẹyìn ó gbà pé kí wọ́n ṣe ìtẹ́ kan fún òun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní pàṣípààrọ̀, Ọlọ́wẹ̀ sì gbẹ́ òmíràn dípò rẹ̀ nílé. Èmi kò lè pe èyí ní olè jíjà, nítorí ọba sọ̀rọ̀, wọ́n sì gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdúnàádúrà láàrin ẹni tí ń ṣàkóso àti ẹni tí a ń ṣàkóso kì í ṣe ti ẹgbẹ́ sí ẹgbẹ́, ìtẹ́ kan sì ni ìtẹ́ kan, igba wọn ni káfíńtà Gẹ̀ẹ́sì lè kàn, nígbà tí Ọlọ́wẹ̀ kú ní nǹkan bí 1938 tí kò sì fi ẹlòmíràn bí tirẹ̀ sílẹ̀. Òpó kan tí ó gbẹ́ fún ààfin kan náà wà ní Art Institute of Chicago láti 1984. Ọmọ-ọmọ mi àgbà, tí ìwé kíkà ti wọ̀ lára, wádìí bóyá ẹsẹ̀ lè débẹ̀ pẹ̀lú. Mo ní kí a kọ́kọ́ jẹun.

Ẹni tí ó bá fẹ́ lọ, ọjọ́ Ẹtì ni kí ó mú, nítorí ọjọ́ náà ni wọ́n máa ń ṣí ilé náà sílẹ̀ di aago mẹ́jọ ààbọ̀ alẹ́; kí ó fi ojúmọmọ kúkúrú náà rìn, kí ó sì wọlé nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Bí ọjọ́ mìíràn bá kù, Camden Road wà ní ìhà àríwá, níbi tí WASU, ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́ àti Bankole-Bright dá sílẹ̀ ní 1925, ti ṣí ilé ìgbé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ní 1933, nígbà tí ọ̀pọ̀ onílé ní Lọ́ńdọ̀nù kì í gba dúdú sínú ilé wọn. A gbìyànjú láti dé ibẹ̀. Òjò dé bá wa ní King's Cross, a sì wọ bọ́ọ̀sì padà sí Peckham.